Ṣé Irin Ni Wọ́n Fi Bo Ọkọ̀ Ìjàpá Àwọn Ará Kòríà?

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ ìtàn ni mí ní Abẹ́òkúta. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi wo fíìmù àwọn ará Kòríà kan, wọ́n wá ní àwọn fẹ́ kan ọkọ̀ ogun tó rí bí ìjàpá fún àfihàn ilé-ìwé wa. Ìwé kan ní òun ni ọkọ̀ onírin àkọ́kọ́ láyé, òmíràn ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣé ká fi páànù bo ẹ̀yìn rẹ̀ ni àbí ká má fi bò ó? Bó bá sì lágbára tó bí wọ́n ṣe ń wí, kí ló dé tí wọn ò kan ogún tàbí ọgbọ̀n irú rẹ̀ nígbà ogun?

ÌDÁHÙN: Ẹ má fi páànù bò ó. Pákó ni kí ẹ fi ṣe òrùlé rẹ̀, kí ẹ wá gún irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó sí i lára káàkiri. Bí ẹni tó ni ọkọ̀ náà ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ fún ọba rẹ̀ nìyẹn, lọ́dún tó kọ́kọ́ fi jà gan-an. Ọ̀rọ̀ páànù irin ní orísun tirẹ̀, kì í ṣe pé ẹnì kan ṣáà jókòó hùmọ̀ irọ́. A ó débẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ yín bá gbójú lé irin nìkan, ohun tó mú kí ọkọ̀ yìí ṣiṣẹ́ á bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ìsàlẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ ìjàpá, tí àwọn ará Kòríà ń pè ní Geobukseon, kì í ṣe ohun tí ẹnì kan dédé lá lálàá. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ààfin láti 1413, nígbà tí Ọba Taejong dúró létí odò Imjin tó ń wo bí ọkọ̀ ìjàpá àti ọkọ̀ tí wọ́n ṣe bíi ti Jàpáànù ṣe ń fi ìjà dánra wò. Ní 1415, ìjòyè kan tó ń jẹ́ Tak Sin kọ̀wé sí ọba pé ọkọ̀ náà lè já wọ àárín ọ̀pọ̀ ọ̀tá kí wọ́n má sì rí i gbé ṣe, pé kí wọ́n tún un ṣe kó lágbára sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́ fún ohun tó lé ní 170 ọdún.

Láàárín àkókò yẹn ni ọkọ̀ mìíràn dé tó ṣe pàtàkì ju ọkọ̀ ìjàpá fúnra rẹ̀ lọ. Ní 1555, àwọn ajalèlókun láti Jàpáànù ya bo etíkun gúúsù Kòríà, àwọn ọkọ̀ tí ìjọba ní nígbà náà kò sì ká wọn. Ọkọ̀ tí wọ́n wá kàn lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn ni panokseon. Alájà méjì ni: àwọn atukọ̀ wà nísàlẹ̀ lábẹ́ ààbò, àwọn jagunjagun sì wà lókè, níbi tí ojú wọn ti ga ju ti ọ̀tá lọ. Ara ọkọ̀ yìí gan-an ni Yi Sun-sin, ọ̀gágun ojú omi Kòríà tó kojú àwọn ará Jàpáànù nígbà tí wọ́n gbógun wọ Kòríà láti 1592 sí 1598, gbé òrùlé lé lórí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọkọ̀ ìjàpá, kó kọ́kọ́ mọ panokseon.

Igi páìnì ilẹ̀ Kòríà ni wọ́n fi kàn án. Igi náà wúwo, ó le, ó sì ní kókó, nítorí náà wọn kì í là á sí pẹlẹbẹ tínínrín. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní 1795 sọ pé pákó ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ìjàpá nípọn tó chon 4, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 12. Ìṣó onígi ni wọ́n fi ń so pákó mọ́ pákó. Ìdí rẹ̀ ni pé ìṣó irin máa ń dógùn-ún nínú omi iyọ̀, ihò rẹ̀ á máa fẹ̀ sí i, pákó á sì máa mì. Ṣùgbọ́n bí ìṣó onígi bá mu omi, ṣe ló ń wú, tó ń fún ibi tó wà mọ́ra. Àwọn ará Jàpáànù ní tiwọn ń lo igi tó fúyẹ́, pákó tínínrín, àti ìṣó irin. Ìyẹn mú kí ọkọ̀ wọn yára, ó sì mú kó ṣòro fún un láti gba ìtagbọ̀n ìbọn àgbá ńlá tàbí kí ọkọ̀ tó wúwo jù ú lọ forí sọ ọ́.

Ìdí ọkọ̀ náà tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ẹni tó bá mọ ọkọ̀ tó ń la òkun ńlá kọjá lè rẹ́rìn-ín sí èyí, torí ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ tẹ́jú kì í yára, atẹ́gùn sì ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n etíkun gúúsù Kòríà kún fún erékùṣù kéékèèké, ojú omi tóóró àti ẹrẹ̀. Bí omi òkun bá fà, ibi tí ọkọ̀ ń gbà kọjá láàárọ̀ lè di ilẹ̀ gbígbẹ lọ́sàn-án. Ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ tẹ́jú á kàn gúnlẹ̀ sórí ẹrẹ̀ láìdojú dé, á sì tún léfòó nígbà tí omi bá padà. Ó tún lè yí po lójú kan. Àwọn tó ń yin ìbọn àgbá mọyì ìyẹn gan-an: bí wọ́n bá ti yin ti apá ọ̀tún tán, ọkọ̀ á yí, ti apá òsì á bọ́ síwájú nígbà tí wọ́n ṣì ń ki ẹ̀tù sínú àwọn tó ti dún. Àjẹ̀ ni wọ́n fi ń wà á lójú ogun, 8 sí 10 lápá kọ̀ọ̀kan, ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún sì máa ń dì mọ́ ọ̀kan. Wọn kì í gbé àjẹ̀ yìí kúrò lómi bí wọ́n ṣe ń wà á; ìdí òun ni wọ́n ṣe lè máa tukọ̀ láàárín àyè tó há. Aṣọ ìgbòkun wà fún ìrìn ọ̀nà jíjìn, wọ́n á sì bì í wálẹ̀ kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀.

Ó wá ku òrùlé. Bí àwọn ará Jàpáànù ṣe ń jà lójú omi nígbà náà ni pé wọ́n á fi ìbọn ìléwọ́ rọ̀jò ọta lé ọ̀tá lórí, wọ́n á sún mọ́ ọn, wọ́n á fò wọ inú ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n á sì fi idà parí rẹ̀. Ọwọ́ wọn dá ṣáká nínú ìjà idà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń jagun nílé tipẹ́ kí wọ́n tó kọjá sí Kòríà. Àwọn ará Kòríà mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ bá ti di ojúkojú lórí ọkọ̀, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ohun tí wọ́n ní ni ọfà àti ìbọn àgbá. Nítorí náà, ìṣòro tí wọ́n ní láti yanjú ni bí ọkọ̀ kan ṣe lè wọ àárín ọ̀tá, kó yinbọn fún wọn láti ìtòsí, kí ẹnikẹ́ni má sì lè gorí rẹ̀.

Yi Sun-sin di ọ̀gá àwọn ológun ojú omi ẹkùn òsì ìpínlẹ̀ Jeolla ní 1591. Yeosu ni ibùjókòó rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ogun rẹ̀, Na Dae-yong, ló bá a ṣe kòkárí iṣẹ́ kíkan ọkọ̀ náà. Nínú ìròyìn ogun tí Yi fi ránṣẹ́ sí ààfin ní 1592, ó ní òun ti fura pé àwọn ará Jàpáànù ń bọ̀, òun sì ti kan ọkọ̀ ìjàpá sílẹ̀: orí dírágónì wà níwájú rẹ̀ tí ìbọn àgbá ń gba ẹnu rẹ̀ dún, irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn tó wà nínú ń rí òde, àwọn tó wà lóde kò rí inú. Yi Bun, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, fi kún un nínú ìtàn ìgbésí ayé ọ̀gágun náà tó kọ: ọkọ̀ náà tóbi tó panokseon, wọ́n fi pákó bo orí rẹ̀, wọ́n ṣe ọ̀nà tóóró kan bí àgbélébùú sórí pákó náà kí àwọn tiwọn lè rí ibi rìn, gbogbo ibi tó kù sì kún fún ọ̀bẹ àti irin ṣóńṣó. Bí ìjà bá dé, wọ́n á tẹ́ ẹní koríko bò wọ́n. Ọ̀tá tó bá fò lé e tó rò pé pẹpẹ lásán ni, ẹ̀yìn òòrẹ̀ ló bọ́ sí.

Àwọn méjèèjì tó kọ nǹkan wọ̀nyí sún mọ́ ọkọ̀ náà, kò sì sí èyí tó dárúkọ páànù irin nínú wọn. Èyí ṣe pàtàkì, torí Yi kì í ṣe ẹni tí nǹkan kékeré ń bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Ó kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ pé ní ọjọ́ 8 oṣù kejì, 1592, òun gba aṣọ ìgbòkun bọ́ńdù 29 fún ọkọ̀ ìjàpá. Ẹni tó ka bọ́ńdù aṣọ ni kò ní ka irin?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ díẹ̀. Ká ní òrùlé náà fẹ̀ tó 200 mítà onígun mẹ́rin, kí páànù sì nípọn tó mìlímítà 3 péré. Irin tó nípọn bẹ́ẹ̀ máa ń wúwo tó kílò 23 àti àbọ̀ fún mítà onígun mẹ́rin kan, gbogbo rẹ̀ á sì fẹ́ẹ̀ tó tọ́ọ̀nù 5. Ìyẹn ò ní kí ọkọ̀ rì o, nítorí náà àwọn tó ń sọ pé kò ṣeé ṣe rárá ń sọ àsọdùn. Ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ ni yóò fi òòlù lu gbogbo irin náà di páànù lọ́kọ̀ọ̀kan, ìwúwo ọ̀hún á sì wà lórí pátápátá, níbi tí ìwúwo ti ń mú ọkọ̀ fì. Kí wá ni èrè rẹ̀? Ọta ìbọn ìléwọ́ kò lágbára tó láti la pákó páìnì tó nípọn bẹ́ẹ̀ já. Iná nìkan ni páànù ìbá dáàbò bo ọkọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Níbo wá ni ọ̀rọ̀ irin ti wá? Ọ̀dọ̀ ọ̀tá ni. Ará Jàpáànù kan tó ń jẹ́ Tonooka Jinzaemon kọ ìròyìn nípa ìjà tó wáyé ní Angolpo lóṣù kẹjọ 1592. Ó ní mẹ́ta nínú àwọn ọkọ̀ ńlá Kòríà jẹ́ ọkọ̀ afọ́jú, ìyẹn èyí tí òrùlé bò pátápátá, pé irin ni wọ́n sì fi dáàbò bò ó. Ẹlẹ́rìí gidi ni, a ò lè kàn gbá ọ̀rọ̀ rẹ̀ dànù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo òrùlé tó kún fún irin ṣóńṣó láti ọ̀nà jíjìn, tí èéfín bò ó lójú, lè sọ bẹ́ẹ̀ kó má sì purọ́. Lójú tiwa, irin ṣóńṣó yẹn ló rí. Àwọn onímọ̀ kan ní Kòríà ṣì di ọ̀rọ̀ páànù mú, àríyànjiyàn náà kò tíì parí.

Ọ̀rọ̀ pé òun ni ọkọ̀ onírin àkọ́kọ́ láyé jẹ́ ti ọ̀rúndún 19. Nígbà yẹn, àwọn ará Yúróòpù ti ń kan ọkọ̀ onírin gidi: Faransé sọ Gloire sómi ní 1859, Gẹ̀ẹ́sì sọ Warrior sómi ní 1860. Òǹkọ̀wé Yu Gil-jun fi í sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1895 pé ọkọ̀ ìjàpá ló ṣáájú gbogbo wọn. Jàpáànù gba Kòríà ní 1910, àwọn ará Kòríà sì nílò ohun tí wọ́n lè fi gbórí sókè. Ó yéni. Ṣùgbọ́n ìgbéraga ni ìyẹn, kì í ṣe ẹ̀rí. Àwọn ará Jàpáànù náà sì ní tiwọn: wọ́n ní Oda Nobunaga, olórí ogun wọn kan, ti ní ọkọ̀ tí wọ́n fi irin bò ní 1578. Èyí náà ṣì ní àríyànjiyàn nínú.

Ìbọn àgbá ló yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín fi àkókò wò. Mẹ́rin ló lórúkọ: Cheonja ló tóbi jù, Jija tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà Hyeonja àti Hwangja. Kì í ṣe ọta roboto nìkan ni wọ́n ń yìn. Wọ́n ń fi wọ́n yin ọfà onígi ńláńlá tó ní irin lẹ́nu. Èyí tó tóbi jù, daejanggunjeon, wúwo tó geun 50, bíi kílò 30. Ìwé ẹ̀kọ́ nípa ìbọn tí wọ́n tẹ̀ ní 1635 ní ẹ̀tù nyang 30, ìyẹn kílò kan àti díẹ̀, ni Cheonja kan ń jẹ lẹ́ẹ̀kan. Ọfà tó wúwo bẹ́ẹ̀ kò nílò láti bú gbàmù. Bó bá ti wọ inú pákó tínínrín, ó ti dá ihò tí omi ń gbà wọlé. Bí wọ́n bá sì fẹ́ pa èèyàn dípò ọkọ̀, wọ́n á ki ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọta kéékèèké sínú rẹ̀.

Yi yin ìbọn àgbá wò lórí ọkọ̀ ìjàpá ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta. Wọ́n ṣe aṣọ ìgbòkun rẹ̀ tán ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin, wọ́n sì tún yin Jija àti Hyeonja láti inú rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Kàlẹ́ńdà òṣùpá ni gbogbo ìwọ̀nyí. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin kan náà, tó bọ́ sí 23 oṣù karùn-ún 1592 nínú kàlẹ́ńdà tiwa, ọkọ̀ ogun Jàpáànù yọ sí èbúté Busan ní Kòríà. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló wà láàárín.

Síbẹ̀ ọkọ̀ ìjàpá kò sí nínú ìjà tí Yi kọ́kọ́ ṣẹ́gun, ní Okpo, lóṣù kẹfà. Panokseon ló ṣe iṣẹ́ yẹn. (Okpo wà ní erékùṣù Geoje, níbi tí ilé iṣẹ́ ìkankọ̀ ńláńlá wà lónìí, láti Geoje náà ni ọkọ̀ tó ń gba epo rọ̀bì Egina ti wọ Èkó ní 2018.) Sacheon ni ọkọ̀ ìjàpá ti kọ́kọ́ jà, ní 8 oṣù keje 1592. Ọta ba Yi léjìká òsì níbẹ̀, ó sì ba Na Dae-yong náà. Lórí panokseon ni Yi sì wà, kì í ṣe inú ọkọ̀ ìjàpá bí fíìmù ṣe sábà máa ń fi hàn: ọ̀gágun tó ń darí gbogbo ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà níbi tí ojú rẹ̀ ti ń ríran, kí wọ́n sì lè rí àsíá rẹ̀. Àwọn tó ń darí ọkọ̀ ìjàpá ni Yi Gi-nam àti Yi Eon-ryang.

Ní 10 oṣù keje, ní Dangpo, la ti rí iṣẹ́ ọkọ̀ náà kedere jù. Ọkọ̀ ńlá kan wà láàárín ọkọ̀ Jàpáànù tí wọ́n kọ́ ilé alájà sórí rẹ̀, tí olórí wọn jókòó sí. Ìròyìn Yi sọ pé ọkọ̀ ìjàpá lọ tààrà sábẹ́ ọkọ̀ yẹn, ó yin ọta Hyeonja sókè láti ẹnu dírágónì, ó fi Cheonja àti Jija yin daejanggunjeon, ó sì fọ́ ọkọ̀ náà. Àwọn panokseon tó tẹ̀ lé e ló wá fi ọfà àti ìbọn parí iṣẹ́. Ẹ kíyè sí i bó ṣe tò: ọkọ̀ ìjàpá á kọ́kọ́ wọlé, á tú ìlà ọ̀tá ká, á dojú kọ ọkọ̀ olórí wọn, ọ̀wọ́ yòókù á wá dé. Láìsí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ọkọ̀ kan ṣoṣo láàárín ọgọ́rùn-ún ọ̀tá kò lè ṣe ju kó da ìlà rú lọ. Ní Hansan ní 14 oṣù kẹjọ, níbi tí Yi ti tan ọkọ̀ 73 tí Wakizaka Yasuharu, ọ̀gágun Jàpáànù, kó wá jáde sójú agbami, tó sì ká wọn mọ́, 47 ló bàjẹ́, wọ́n gba 12, 14 péré ló sá lọ. Ọkọ̀ ìjàpá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe to gbogbo ọkọ̀ ló jẹ́ ogun yẹn.

Èyí ló mú wa dé ìbéèrè yín kejì. Nígbà ogun yẹn, ọkọ̀ ìjàpá kò ju mẹ́ta sí márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Na Dae-yong fúnra rẹ̀, ẹni tó bá wọn kàn án, ló sọ ìdí rẹ̀ nínú ìwé tó kọ sí ọba ní 1606: ọkọ̀ ìjàpá dára fún ogun, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn tó ń gbà kò dín sí 125 tí panokseon ń gbà, ó sì nira fún àwọn tafàtafà láti ta ọfà nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹkùn kọ̀ọ̀kan fi ní ẹyọ kan, tí wọn ò kan òmíràn. Ó wá dábàá ọkọ̀ kékeré kan tí èèyàn 42 lè wà.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yéni tí èèyàn bá fojú inú wo ibẹ̀. Lórí panokseon, tafàtafà dúró ní gbangba, ó ga ju ọ̀tá lọ, ó rí ibi gbogbo. Lábẹ́ òrùlé, ihò kékeré ló ń yọjú gbà, kò sì ráyè fa ọrun dáadáa. Bí ìbọn àgbá mẹ́ta mẹ́rin bá ti dún, èéfín ẹ̀tù á há mọ́ inú, ariwo á bo àṣẹ mọ́lẹ̀, àwọn tó ń tukọ̀ á sì máa ṣe é láìrí ibi tí wọ́n ń lọ. Àwọn atukọ̀ wọ̀nyí gan-an ló tún wọ́n. Àjàkálẹ̀ àrùn àti ebi pa àwọn ológun ojú omi Kòríà lọ́pọ̀lọpọ̀ nígbà ogun náà, ọ̀gágun tó bá ní èèyàn 125 lọ́wọ́ á sì rò ó dáadáa kó tó kó wọn sínú ọkọ̀ tó ní iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ọkọ̀ àkọ́wọlé ni. Ẹkùn kan kò nílò ju ọ̀kan tàbí méjì lọ.

Bí wọ́n ṣe pàdánù wọn kò ní í ṣe pẹ̀lú pé òrùlé já. Ní 1597, wọ́n yọ Yi, wọ́n tì í mọ́lé, wọ́n fi Won Gyun rọ́pò rẹ̀. Lóṣù kẹjọ ọdún yẹn, Won Gyun kó gbogbo ọkọ̀ lọ sí Busan, ó dá àwọn atukọ̀ lágara, ó sì gúnlẹ̀ ní ojú omi tóóró Chilcheollyang lálẹ́. Ibẹ̀ ni àwọn ará Jàpáànù ti ká wọn mọ́. Ọkọ̀ ìjàpá tó bá dúró, tí ọ̀tá yí ká, tí àwọn inú rẹ̀ kò lè tukọ̀ mọ́, ti di àpótí. Fẹ́ẹ̀ẹ́ tó gbogbo ọkọ̀ ogun Kòríà ló parun níbẹ̀, àti àwọn ọkọ̀ ìjàpá pẹ̀lú. Panokseon 12 ló yè bọ́. Wọ́n dá Yi padà, wọ́n fi ọ̀kan kún un, ó sì fi 13 yẹn kojú ọkọ̀ Jàpáànù 133 ní Myeongnyang ní 26 oṣù kẹwàá 1597, ó sì borí. Kò sí ọkọ̀ ìjàpá kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá ń sọ pé ọkọ̀ ìjàpá ló gba Kòríà là, ẹ bi í léèrè Myeongnyang. Ìjà ìkẹyìn ni Noryang, 16 oṣù kejìlá 1598, níbi tí ọta ti pa Yi.

Lẹ́yìn ogun, wọ́n ṣì ń kan ọkọ̀ ìjàpá fún ohun tó lé ní igba ọdún, ó sì ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ìwọ̀n tí a ní ti wá láti inú àkójọpọ̀ ìwé Yi Sun-sin tí Ọba Jeongjo ní kí wọ́n tẹ̀ ní 1795, tó ní àwòrán ọkọ̀ ìjàpá méjì nínú. Igba ọdún lé mẹ́ta lẹ́yìn Dangpo nìyẹn o. Àpẹẹrẹ ìyàtọ̀ rẹ̀ ni ihò ìbọn: Yi Bun ka 14, ọ̀kan ní orí, ọ̀kan nídìí, mẹ́fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, ti 1795 ju 60 lọ. Ẹnu dírágónì tó ń yin ìbọn ní 1592 ti di ibi tí wọ́n ti ń sun imí-ọjọ́ kí èéfín lè bo ọ̀tá lójú. Bákan náà, àwọn onímọ̀ ò tíì fẹnu kò lórí bóyá àjà méjì ló ní àbí mẹ́ta, ìyẹn bóyá atukọ̀ àti ayinbọn wà pọ̀ lórí àjà kan náà. Lójú wa, ẹnikẹ́ni tó bá ti wo bí ìbọn àgbá ṣe ń ta padà sẹ́yìn nígbà tó bá dún kò ní fẹ́ kí atukọ̀ dúró sẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀rí tó bá dán jù. Títí di òní, kò sẹ́ni tó tíì rí àwókù ọkọ̀ ìjàpá kankan nísàlẹ̀ òkun. Ní 1992, àwọn ológun ojú omi Kòríà kéde pé àwọn rí ìbọn àgbá kan nínú òkun nítòsí erékùṣù Hansan, tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ti ọkọ̀ ìjàpá ni àti pé ìdún rẹ̀ kan ṣoṣo á rán ọkọ̀ ọ̀tá lọ sísàlẹ̀ omi. Kíá ni ìjọba sọ ọ́ di ohun ìṣúra orílẹ̀-èdè, nọ́ńbà 274. Ní 1996 ni àṣírí tú pé ayédèrú ni, pé ṣe ni wọ́n gbé e jù sómi kí wọ́n lè wá “rí” i. Wọ́n yọ ọ́ kúrò, nọ́ńbà 274 sì ṣófo títí dòní.

Ẹ̀dà ọkọ̀ gan-an kò mórí bọ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ kan kan ọ̀kan fún ìlú Geoje ní 2011, ó gùn ní mítà 25.6, owó rẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù won kan àti díẹ̀. Páìnì ilẹ̀ Kòríà ni wọ́n ní kí wọ́n fi kàn án. Igi òkèèrè ló wà nínú rẹ̀. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́, wọ́n wọ́ ọ wá sórí ilẹ̀, ìdí rẹ̀ jẹrà. Ní 2023, wọ́n lu ú ní gbàǹjo ní mílíọ̀nù won kan àti àbọ̀ ó lé díẹ̀, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi tú u palẹ̀.

Fún iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín, ẹ pín ìwọ̀n 1795 sí ọ̀nà 50. Cheok kan tó bíi sẹ̀ǹtímítà 31. Ìdí ọkọ̀ jẹ́ cheok 64.8 ní gígùn, ìyẹn mítà 20. Tiyín á jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40. Fífẹ̀ ìdí rẹ̀ á jẹ́ 7.4 níwájú, 9 láàárín, 6.6 lẹ́yìn. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á ga tó 4.7 kí òrùlé tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí iwájú rẹ̀ mú bí ti ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń rí ní Èkó. Ojú rẹ̀ fẹ̀, ó sì tẹ́jú. Pákó 11 ló wà lápá òrùlé kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àlàfo cheok kan àti àbọ̀ láàárín, níbi tí wọ́n ti ń gbé òpó ìgbòkun dìde tí wọ́n sì ń dà á wálẹ̀. Lára tiyín, àlàfo náà á fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan péré. Ọwọ̀n ìgbálẹ̀ tí ẹ gé kúkúrú tó fún irin ṣóńṣó, ṣùgbọ́n ẹ fi ojú ọ̀nà Yi Bun sílẹ̀ ní gbígbòòrò kí ìka ọmọ lè kọjá. Ní ti orí dírágónì, cheok 4.3 ló gùn, ó sì fẹ̀ ní 3: sẹ̀ǹtímítà 2.7 sí 1.9. Ẹ jẹ́ kó yọ síwájú tààrà. Ọrùn gígùn tó tẹ̀ kọdọrọ lọ sókè tí ẹ ń rí lára ọ̀pọ̀ ẹ̀dà tí wọ́n ń tà fún arìnrìn-àjò kò lè yin ọta kankan, torí kò sí bí ìbọn ṣe lè gba inú rẹ̀ kọjá.